Fóònù Kan Wà Nísàlẹ̀

Wọ́n ní kí n lọ kọ irú ẹni tí o jẹ́ sínú fọ́ọ̀mù.
Mo gbé ṣọ́bìrì, mo gbé ìgò ásíìdì, mo gbé ìwé àwọ̀,
mo wọ bọ́ọ̀sì òru kúrò ní Nagpur,
oko Bàbá Pundalik ni ilẹ̀ mọ́ mi sí.

Oṣù Karùn-ún ni. Oòrùn ò ṣàánú ẹnikẹ́ni.
Wọ́n ti fa igi òwú tu, wọ́n ti dì í nídìí-nídìí fún ìdáná.
Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé ibi tí ojú ń kú sí,
ó wá lanu kalẹ̀
bí ọmọ ẹyẹ tí ìyá rẹ̀ pẹ́ lóko.
Mo ki ọwọ́ bọ ihò kan, ó gbà mí dé èjìká.
Bàbá ní, "Rọra o.
Lọ́dún tó kọjá, ó gbé fóònù Waman, ọmọ mi, mì.
Ọjọ́ méjì gbáko la fi ń gbọ́ ọ tó ń dún nísàlẹ̀."

A wa kòtò, ó jìn ju ìdúró mi lọ.
Ìpele òkè wó wóró-wóró bí àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gún;
atẹ́gùn ló ń gbá a sínú ihò lọ́dọọdún,
bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ yìí ṣe ń jẹ ara rẹ̀, tí kò sì tán.
Lábẹ́ ìyẹn, dúdú.
Dúdú bí ìdí ìkòkò tí a ò fọ̀ rí.
Mo ṣí ìwé àwọ̀ dé ojú ewé tó kẹ́yìn,
kò rí ìjókòó níbẹ̀.
Ó jìn sí i, amọ̀ ń dán bí ẹni fi ọwọ́ ọlọ́ràá nù ún:
ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń fi èjìká gbún ilẹ̀ nígbà òjò,
tí kálukú ń wú, tí àyè ò gba ẹnìkan.
Lẹ́yìn náà ẹfun, kóro-kóro. Mo kán ásíìdì sí i, ó hó ṣùùù.
Lẹ́yìn náà òkúta tó ti jẹ́ iná olómi rí,
tó ṣàn, tó dì, tó tún ṣàn,
títí òkè Dekkan fi dà bí àtẹ̀gùn tí ẹnikẹ́ni ò gùn.

Bàbá ní, "Tó bá gbẹ, irin ni. Tó bá tutù, àtè ni.
Ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láàárín tí ọkọ́ lè wọ̀ ọ́,
ọjọ́ mẹ́rin yẹn gan-an ni àwọn àna mi mú fún ìgbéyàwó Kalindi!"

Ògiri ilé rẹ̀ là láti òrùlé dé ìpìlẹ̀.
Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ń kó ìyarun sí, àti ìwé owó iná.
Tí òjò bá dé, ògiri a pa ẹnu dé;
ẹni tó bá gbàgbé ìyarun síbẹ̀, ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Òpó iná mẹ́ta wà létí ọ̀nà,
ibi tó wu kálukú ló ń wò.

Òjò ò dúró kí n parí iṣẹ́.
Ihò ló kọ́kọ́ mu ún, gbì-gbì-gbì,
bí ẹni tó ti aginjù dé.
Nígbà tó mu yó, ó wú. Kòtò mi ń sún mọ́ra wọn,
bàtà mi kan wúwo bí ọmọ ọdún méjì,
mo fi èkejì sílẹ̀ níbẹ̀.
Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ilẹ̀ ti dì pọ̀ mọ́ra,
kò sí ojú àpá kan.

Waman ti bá iṣẹ́ lọ sí Pune, ó ti ra fóònù mìíràn.
Ṣùgbọ́n mo rí Bàbá lálẹ́ lórí ibùsùn ìta,
ó ń tẹ nọ́ńbà àtijọ́, ó dẹ etí sí oko.

Mo jókòó ti fọ́ọ̀mù.
Amọ̀: ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.
Ìdàgẹ̀rẹ̀: kò tó nǹkan.
Òjò: oṣù mẹ́rin; ìyókù, oòrùn.
Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ ohun mìíràn tí mo bá rí,
mo kọ ọ́: fóònù kan wà nísàlẹ̀.