Ojú Ewé Kìíní

Ọmọkùnrin tó ń kọ áàpù ní Ìsọ̀kun
ní ọ̀kẹ́ ọgbọ̀n náírà ni tòun,
kí n san ìdajì sílẹ̀.
Mo wo inú àpò mi.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ló wo ojú mi padà.

Mo ti bi èèyàn mẹ́tàlélógún léèrè:
"Bí ohun kan bá wà lórí fóònù yín
tó ń bá yín ka gbogbo ẹni tó jẹ yín lówó,
ṣé ẹ máa lò ó?"
"Ó dáa o! Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn."
Inú mi dùn títí mo fi délé.
Ìyá bàbá mi ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, kò gbójú sókè.
"Èló ni wọ́n san nínú 'ó dáa' yẹn?"

Ó ní ọkọ òun, òṣómàáló,
kì í bi ará oko pé aṣọ wo ló wù ú.
Oríṣi mẹ́ta ni yóò tẹ́ sábẹ́ igi obì,
yóò wá máa wo ọwọ́.
Ẹnu a máa yin aṣọ tí kò ní rà.
Èyí tí ọwọ́ bá padà wá fọwọ́ kàn,
òun ni yóò dì wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo ra ìwé olójú-ewé ogójì ní Òkèsà,
mo fẹsẹ̀ rìn.

Ọjọ́ Ajé, ajé kò wọlé.
Mọrẹ́nikẹ́ aránṣọ rẹ́rìn-ín:
"Kọ kí ni? Mo mọ̀ wọ́n lórí."
Ó sì kà wọ́n láìmí:
ìyàwó tíṣà, ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀, láti Àjíǹde...
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi kọ́ ni mo ṣẹ́gun;
Gbóyèga wẹ́dà kò tilẹ̀ ṣí ìbòjú rẹ̀.
Ọjọ́rú, òjò.

Ọjọ́bọ̀ ni Ìyá Ìbídùn ẹlẹ́ja
fà mí sẹ́yìn fírísà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.
"Ìwé kọ́ ló ń dùn mí, ọmọ mi.
Èmi àti ẹni tó jẹ mí la jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin.
Ojú ni kò jẹ́ kí n bèèrè.
Bá mi bèèrè. Má jẹ̀ẹ́ kó dà bí èmi."
Ó ka igba náírà sí mi lọ́wọ́,
owó tó tutù nini, tó ń rùn bí ẹja.

Létí títì níbẹ̀ ni mo ti fa ilà gbọọrọ
gba àárín ohun tí mo kọ sójú ewé kìíní.
Ta ló sọ ìrántí nù nínú wọn?
Ojú ló ń tì wọ́n.

Mo padà sọ́dọ̀ Mọrẹ́nikẹ́. Ó dákẹ́.
Ó wá fún mi ní nọ́ńbà ìyàwó tíṣà.

Bàbá àgbà lóṣòó gba owó rẹ̀;
èmi jókòó sórí àpótí, mò ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́,
bátìrì ti ń pọ́n.
Orúkọ mẹ́fà. Ẹnì kan bú mi.
Akọrin yẹn san ẹgbẹ̀rún kan nírọ̀lẹ́ Sátidé,
ó sì tún gba ẹja àwìn.

Mo ṣí ojú ewé kejì.