Ọjọ́rú ní Otárù

Ní Otárù, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń gé ni létí,
wọ́n gba ilé tí wọ́n ń kó ẹja pamọ́ sí láyé àtijọ́,
wọ́n kan pátákó dúdú mọ́ ògiri rẹ̀,
wọ́n ní kí àwa mọ́kànlá máa kọ́ iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ níbẹ̀.
Òórùn ẹja ò kúrò lára ìwé wa.
Ìyá mi gba lẹ́tà mi, ó fi símú, ó kọ̀wé padà:
"Tomonari, ṣé ẹjọ́ lò ń kọ́ ni, àbí ẹja?"

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni wá, àwọn kan ò tíì pé e.
A mọ ẹsẹ̀ ológbò yàtọ̀ sí ti ajá nínú yìnyín.
A mọ ẹni tó fọwọ́ òsì kọ̀wé,
a mọ ẹni tó sunkún kó tó bọ́jú,
a mọ iye ìṣẹ́jú tí ife tíì kan fi ń tutù
bí fèrèsé bá ṣí, bí fèrèsé bá wà ní títì.
Ẹ bi wá pé kí ló ń ṣe ẹni tó jókòó tì wá,
a ò mọ̀.

Ọ̀gá Nagahisa ló ń kọ́ wa,
ọkùnrin gíga tó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń sùn.
Ní gbogbo Ọjọ́rú, yóò ní ká bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
yóò mú ohun kan ṣoṣo kúrò nínú kíláàsì,
yóò wá pè wá wọlé:
"Kí ni kò sí níbí mọ́?"
Ó ti mú ẹyọ ṣọ́ọ̀kì kan nínú mẹ́sàn-án rí.
Ó ti yọ ìṣó tí kò gbé nǹkan kan kọ́.
Lọ́jọ́ kan, ó dá aago ògiri dúró:
a wò, a wò, a ò rí i,
àṣé etí ló yẹ ká fi wò ó.

Ọjọ́rú kejì nínú oṣù Èrèlé,
yìnyín ti mu fèrèsé dé ọrùn.
A wọlé. Mo wo igun, mo wòkè, mo ka àga.
Kí ẹnikẹ́ni tó mí, mo ti nawọ́:
"Ìgbálẹ̀! Ìgbálẹ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn!"
Ọ̀gá fún mi ní awò tó ń sọ kékeré di ńlá,
àyà mi fẹ̀ bí ìgbòkun.

Fumika nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.
Ọ̀gá ní, "Ìwọ ńkọ́? O rí nǹkan mìíràn ni?"
Ó wo ọwọ́ ọ̀gá. Ó wolẹ̀.
"Rárá, ọ̀gá."
Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó pa á dé.
Mo ní owú ló ń jẹ ẹ́.

Lálẹ́, mo yọ́ lọ ṣí ìwé náà
(iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ mi kúkú ni):
*Ìgbálẹ̀. Àti òrùka.
Ìka rẹ̀ ṣì funfun níbi tó wà.
Èyí kì í ṣe ìdánwò.*

Mo dá ìwé padà síbi tí mo ti bá a.
Awò mi, mo tì í sábẹ́ aṣọ.

Láti ọjọ́ kejì ni ọsàn kan ti ń wà
lórí tábìlì ọ̀gá láràárọ̀,
ọsàn kékeré, èyí tí èèpo rẹ̀ kì í bá ni jà.
Ọ̀gá bojú wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní,
"Ẹ bá mi wá ẹni tó ń ṣe é."

Àwa mọ́kànlá, tí a mọ ẹsẹ̀ ológbò yàtọ̀ sí ti ajá,
wádìí fún odidi oṣù kan,
a kò rí ẹnì kan.
Bàtà òsì Fumika ti jẹ ní gìgísẹ̀,
ipa rẹ̀ nínú yìnyín ò ṣeé ṣì mọ̀.
Láàárọ̀ kùtù, kí àwọn yòókù tó jí,
mo máa ń mú ìgbálẹ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn,
màá gbá a láti ẹnu ọ̀nà dé ojú títì.