Àgò Tó Ń Rìn

Márùndínlọ́gbọ̀n nínú páálí kan,
òwú tó ń ké.
Mo kó wọn wọ gáréèjì, mo tan iná pupa lé wọn lórí,
mo jókòó tì wọ́n bí ọkọ abiyamọ.
Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbídùn, ṣé adìẹ ti tán ní sọ́ọ̀bù ni?"
Mo ní adìẹ sọ́ọ̀bù kò ní egungun,
ó ń yọ́ lẹ́nu bí ọṣẹ.

Nígbà tí ìyẹ́ hù lára wọn, mo kó wọn síta,
sí ẹ̀yìn ilé wa lẹ́bàá Lẹ́dìbúrì,
níbi tí ìrì kì í ti í gbẹ títí di ọ̀sán.
Mo kan àgò, mo fi wáyà bò ó, kò ní ìsàlẹ̀;
táyà kẹ̀kẹ́ Ìbídùn àtijọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.
Àràárọ̀ ni mo ń tì í síwájú, ìwọ̀n ìbú rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Àwọn adìẹ a máa rìn nínú rẹ̀ bí èrò tó ń ti ọkọ̀ tó kú sójú ọ̀nà.
Wọn a dé orí koríko tuntun, wọn a gbàgbé ti àná.

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó.
Wákàtí méjì méjì ni mo ń yí Màmá Wínífúrẹ́ẹ̀dì padà
kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà di egbò.
Ọmọ àgbẹ̀ ni, opó àgbẹ̀ ni, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.
A máa bi mí láàárín òru, ojú rẹ̀ ní dídì:
"Ṣé o ti sún wọn?"
Ilẹ̀ ò tíì mọ́, Màmá.
"Má jẹ́ kó pẹ́. Ibi tí ẹran bá pẹ́ sí ni àrùn ń mọ̀."

Ọwọ́ kan náà ni mo ń gbé délé.
Mo ti yí èèyàn, ó ku adìẹ.

Àwòdì ibí yìí pupa, ìrù rẹ̀ là sí méjì.
Mo pariwo mọ́ ọn bí ìyá àgbà mi ti ń ṣe ní Ìkìrun.
Aládùúgbò mi yọjú lórí ọgbà, ó rò pé nǹkan ti ṣe mí.
Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni kò fa ariwo kankan.
Mo wà lẹ́nu iṣẹ́; ó gbẹ́ abẹ́ pákó, ó mú mẹ́ta,
ó fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ bí ẹni san díẹ̀ nínú gbèsè.

Mo ti kìlọ̀ fún Ìbídùn: a kì í sọ ohun tí a ó jẹ lórúkọ.
Ó ní òun ò sọ wọ́n lórúkọ, òun kàn ń kí wọn ni.
Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ tó ń kí Sùúrù,
èyí tó máa ń dúró kí àwọn yòókù jẹun tán.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Sátidé, òjò winniwinni.
Màmá ti kọ́ mi: má fún wọn lóúnjẹ lálẹ́, má kánjú,
di orí rẹ̀ mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ kọjá títì.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pọ́n ọ̀bẹ.
Ọ̀bẹ ò kújú. Ọkàn mi ló kújú.
Nígbà tó kan Sùúrù, mo gbójú sókè wo fèrèsé:
ọmọ náà ti fa kọ́tìnì.

Lálẹ́, ìyàwó mi fọ́ egungun, ó fa mùdùnmúdùn rẹ̀,
kò sọ ohunkóhun, ó tún bu òmíràn.
Ìrẹsì nìkan ni Ìbídùn jẹ.
Ọjọ́ kẹta ló dá nìkan ṣí fíríìjì.
"Ṣé Sùúrù nìyí?"
Mo ní n ò mọ̀. Òótọ́ ni.

Mo gbé omi ọbẹ̀ lọ fún Màmá nínú fúláàsì.
Ó mu ṣíbí mẹ́ta.
Ó ní, "Koríko."
Lóru, ó tún bi mí, ṣé mo ti sún wọn.
Mo ní wọ́n ti tán, Màmá.
Ó ní, "Sún wọn."
Mo yí i kọjú sí fèrèsé.