Ó Ń Yí, Kò Jí

Ìdájí, oṣù Keje, àárín òtútù ní erékùṣù Lemuy,
òjò tí kì í bínú, tí kì í sì í lọ.
Edelmira Barría fi ìdí tọ́ọ̀ṣì kanlẹ̀kùn mi:
"Custodio, ó ń yí, kò jí."

Àpò ọ̀dùnkún mọ́kànlá ti wà lẹ́yìn ọkọ̀,
ọ̀dùnkún dúdú, ọ̀dùnkún pupa tó rí bí ìka ọmọdé,
ọkọ̀ ojú omi aago méje kì í sì í dúró de opó.
Mo wọ bàtà òjò lódìkejì, mo tẹ̀lé e.

Ṣẹfurolẹ́ẹ̀tì ni, ó dàgbà ju àkọ́bí rẹ̀ lọ.
Heriberto ló kùn ún láwọ̀ ewé
lọ́dún tí ọ̀dà ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ ṣẹ́kù.
Nígbà tó kú, ó kú pẹ̀lú gbogbo ìwà ọkọ̀ náà lórí.

Mo ní kó yí kọ́kọ́rọ́.
Wùrù-wùrù-wùrù-wùrù.
Bátìrì ò jẹ̀bi, apá rẹ̀ le.
Sítátà ò jẹ̀bi, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò mọ̀ pé wọn ò ní í sanwó.
"Ó tó. Má fi bátìrì ṣòfò, òun nìkan la ní."

Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ ò pọ̀:
epo, afẹ́fẹ́, iná, kí kálukú dé lásìkò.
Ènìyàn ló ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Géèjì ní epo ti dé ìdajì. Mi ò gba géèjì gbọ́,
ìdajì ló ń sọ láti ọjọ́ ìsìnkú.
Mo ti ọ̀pá bọ táǹkì, ó jáde tútù dé ìka mẹ́rin.
Mo ṣí ẹnu kábúrétọ̀, mo fa wáyà tọ́rótì:
epo tọ̀ jáde tín-ín-rín, òórùn rẹ̀ gba imú.
Epo dé ọ̀fun, ó gbé e mì.
Kí ló wá dé tí inú ò gbóná?

Mo yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kan, mo gbé e sún mọ́ irin.
"Yí i."
Òkùnkùn. Mo ń wò ó bí ẹni ń wá ìràwọ̀ kan ṣoṣo.
Òkùnkùn lẹ́ẹ̀kejì.
Inú mi dùn, mi ò lè purọ́.
Àìsàn tó bá ti lórúkọ, ìdajì rẹ̀ ti lọ.

Mo fura sí òjò. Mo tú ìdérí dísítíríbútọ̀,
mo fi etí ṣẹ́ẹ̀tì mi nù ún. Inú rẹ̀ gbẹ.
Mo fura sí koíìlì, mo yọ wáyà rẹ̀, mo dá a padà,
mo bú u. Asán.
Iná ọkọ̀ ojú omi ti yọ lódìkejì.

Ìgbà náà ló sọ ọ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀:
"Heriberto a máa fi páálí ìṣáná ṣe nǹkan kan níbẹ̀ yẹn.
Mo rò pé sìgá ló ń mu ni."

Nínú àpótí iwájú ọkọ̀:
ìwé owó-orí, rósárì, ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan,
àti páálí ìṣáná, etí rẹ̀ dúdú bí èékánná mi.
Kò sí igi ìṣáná kankan nínú rẹ̀.

Póìntì méjì náà kò ju eyín ọmọ-ọwọ́ lọ.
Wọ́n ti jó, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra
bí ètè ẹni tó pinnu pé òun ò sọ̀rọ̀ mọ́.
Mo fi ojú tí wọ́n ń ṣá ìṣáná sí họ wọ́n,
mo fi páálí náà wọn àlàfo wọn:
kó wọlé, kó sì wọ́ díẹ̀.
Ó wọ́ díẹ̀.

"Yí i."
Wùrù-wùrù, ó wúkọ́, ó tu èéfín, ó tún wúkọ́,
ó jí.

Edelmira ò dúpẹ́. Ó na ọwọ́ jáde ní fèrèsé
títí mo fi kó páálí náà lé e.
Àyà kóòtù ló fi sí, kì í ṣe inú àpótí.
"Wá lọ́jọ́ Ẹtì," ó ní, "kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n."

Iná ẹ̀yìn kan ò tàn bó ṣe ń lọ.
Mi ò pè é padà. Ìyẹn di ti ọjọ́ Ẹtì.