Okùn Ojú Pópó

Ní Punta Arenas, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé,
wọ́n máa ń ta okùn sí ẹ̀bá ọ̀nà lásìkò ẹ̀fúùfù,
kí ènìyàn lè rí nǹkan dì mú kó tó délé.
Mo ti rí aboyún tó dì í mú.
Mo ti rí ọ̀gá ṣọ́jà tó dì í mú, tí fìlà rẹ̀ ti bá atẹ́gùn lọ.

Èmi Nélida, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta,
tí ń rán ẹ̀wù òtútù fáwọn apẹja,
mo ń se ọbẹ̀ ẹja lálẹ́ yìí,
mo sì ń wá okùn nínú ilé ìdáná ara mi.

Aago mẹ́jọ ni Eusebio á dé.
Oṣù méjì la ti ń rìn.
Ó ti fẹnu kò mí lẹ́nu létí òkun,
ó ti bá mi tún páìpù omi ṣe,
ṣùgbọ́n a ò tí ì sùn pọ̀.
Bó ṣe wò mí lọ́jọ́ Àìkú,
mo mọ̀ pé kò ní í fẹ́ relé lálẹ́ yìí.

Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?
"Jókòó." Rárá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń túfọ̀.
"Mo ní àrùn kan." Kí ọkàn rẹ̀ ti sáré dé itẹ́ òkú.
Hápíìsì ni. Ó há mi lọ́fun bí egungun ẹja.
Nọ́ọ̀sì Rosalba sọ ọ́ bí ẹni ń ka iye owó búrẹ́dì:
kì í lọ, ó máa ń sùn, ó máa ń jí.
Oògùn láràárọ̀. Rọ́bà. Kí n sì sùn lọ́tọ̀
lọ́jọ́ tí ìléròrò bá yọ.
"Ewu rẹ̀ á dín kù gan-an," ó ní, "kò kàn ní í tán."
Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo gbé relé.

Ramiro mọ̀ kó tó wọlé mi.
Mo rí páálí oògùn rẹ̀ nínú bàtà òjò,
ó ní, "O ò bi mí."
Mo bú u títí ohùn mi fi ha.
Ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí,
ǹ bá máa pe ara mi lẹ́ni tí wọ́n ṣẹ̀.
Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ.
Awakọ̀ kan wà, Anselmo, láti Río Gallegos,
òru kan péré, yìnyín dí ọ̀nà.
Mo ní, rọ́bà wà.
Mo ní, ara mi mọ́ lóṣù yìí.
Mo ní, àlejò ni, kì í ṣe ọkọ.
Kò bi mí.
Mi ò mọ̀ dòní bóyá ó kó o.
Mo mọ̀ pé ó dúpẹ́ tíì lọ́wọ́ mi láàárọ̀,
ẹnu Ramiro ni mo sì fi dá a lóhùn.

Hortensia ọ̀rẹ́ mi ní, "Ta ló ń sọ ọ́?
Ìdajì ìlú yìí ló ní in."
Bóyá òótọ́ ni.
Bí ìdajì ìlú bá wà nínú ẹ̀fúùfù,
ṣé ìyẹn ni ká fi gé okùn?
Àṣírí mi ni, títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá.
Láti ibẹ̀ lọ, ara tẹlòmíì wà ńbẹ̀.
Ẹni tí kò mọ ohun tó ń gbà
kò tí ì gbà.

Ó dé. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ sórí tábìlì.
Mo sọ ọ́ kí n tó bu ọbẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀.
Mo sọ ti Anselmo pẹ̀lú, èyí tí mi ò ní lọ́kàn.
Eusebio ń wo ṣíbí.
Ó bi mí pé, "Ṣé ó máa ń dùn ọ́?"
Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.
Lẹ́yìn náà ó ní, "Jẹ́ kí n rìn díẹ̀,"
ó gbé kóòtù rẹ̀.

Mo ń wò ó lójú fèrèsé báyìí.
Ó di okùn mú, ó dúró sójú kan,
kò lọ, kò bọ̀.
Mo ti dá ọbẹ̀ padà sórí iná.
Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì,
okùn yẹn á sì ti tutù
bí irin.