Àlejò Ara Ògiri

Ó bà sí ara ògiri ilé ìwẹ̀ wa ní Màsìfà,
kò gùn tó igi ìṣáná.
Mo pè é ní koríko gbígbẹ tí atẹ́gùn lẹ̀ mọ́ bẹ̀.
Mo nawọ́ kí n gbọ̀n ọ́n nù,
koríko gbé ẹsẹ̀.

Apá labalábá a máa tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí a sá.
Tirẹ̀ ya, ó tún ya sí wẹ́wẹ́,
bí ìyẹ́ adìẹ tí a fi ń ro etí.
Ó nà án sọ́tùn-ún, ó nà án sósì,
bí ẹni tí télọ̀ ń wọn àyà rẹ̀.

Oyèéṣínà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló mọ̀ nípa wọn.
Ó ta aṣọ funfun sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé fìtílà sí i nídìí,
ó ń ka àfòpiná bí ẹni ń ka owó àjọ.
Ó ní èyí ò sí nínú ìwé tí òun kọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.
Ó ní òdòdó ètìpọ́nlá ni ìdin rẹ̀ ń jẹ,
ibi tí ètìpọ́nlá bá ti hù ló ń tẹ̀ lé e dé:
ẹ̀bá títì, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, gáréèjì Tákíẹ́.
“Ó ń tàn ni. Ẹnìkan ò mọ ọ̀nà tó gbà wọ Ògbómọ̀ṣọ́.”

Àyọ̀ká, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, gbójú sókè nídìí ẹ̀gúsí tó ń bó.
“Ẹ gbé fìtílà yẹn súnmọ́ mi.”
Ó wò ó pẹ́.

“Eléyìí kẹ̀? Tàmálè la jọ gbé.
Ara ògiri ìsọ̀ wa ló máa ń bà sí lásìkò òjò,
nígbà tí à ń ta abẹ́rẹ́ àti abọ́ tánganran.
Ìjọba ní kí àjèjì máa lọ,
ọ̀sẹ̀ méjì péré.
A fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn.
Orí ẹní ni mo jókòó lé nínú ọkọ̀ akẹ́rù títí a fi délé,
koríko ibẹ̀ sì kún inú ẹní náà.
Ta ló tú u wò?”

Oyèéṣínà rẹ́rìn-ín, ó dá bírò dúró.
“Màmá, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún.
Kòkòrò yìí kì í lo oṣù kan láyé.”

“Ọmọ rẹ̀ ńkọ́?” ni Àyọ̀ká wí,
ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí.

Wọ́n ní àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa.
Èyí ò tilẹ̀ yà sọ́dọ̀ iná.
Etí òjìji ló dúró sí, ó nawọ́ méjèèjì,
ó jọ pé ó ń dúró de ẹnìkan.

Sátidé ìmọ́tótó, mo ro gbogbo ẹ̀yìnkùlé,
mo dé ìdí ètìpọ́nlá tó wà lẹ́bàá kànga,
òdòdó rẹ̀ pupa, kò tó orí abẹ́rẹ́.
Mo gbé ọkọ́ fò ó.
Bí wolé-wolé bá dé,
n ó ní oògùn ni.