Aago Tí Ẹnìkan Kò Wá Gbà

Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn tí a sin bàbá mi sí Kúdẹtì,
mo ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Dùgbẹ̀.
Eruku ti bo gíláàsì tó fi ń wo inú aago,
ṣùgbọ́n àwọn aago ò gbọ́ pé ó kú:
ọ̀kan ń sọ pé aago méjì ti lù,
òmíràn ń sọ pé ilẹ̀ ò tíì mọ́.

Lára ìṣó kọ̀ọ̀kan, páálí pélébé, òwú, orúkọ.
Màmá Dúrótolú, Òkè-Àdó. Ó ń sáré jù.
Tíṣà Ládélé, Àrẹ̀mọ. Ó bọ́ sómi.
Àti èyí tí páálí rẹ̀ ti pọ́n bí eyín àgbà:
Ọ̀gbẹ́ni Olúgbodi, Òkè-Bọ́là. Ó ti san owó.

Ọdún mọ́kàndínlógún.
Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé bàbá mi a mú un,
a yí etí rẹ̀, a gbé e sí etí ara rẹ̀.
"Bàbá, ẹ tà á," ni mo wí nígbà tí owó ilé-ìwé di wàhálà.
"Kì í ṣe tèmi. Onínǹkan ń bọ̀."

Nígbà tí àlùfáà ń ka "erùpẹ̀ fún erùpẹ̀,"
ohùn yanrìn lórí pósí nìkan ni mo gbọ́.
Mi ò ní díbọ́n fún yín: mi ò rí áńgẹ́lì.
Pupa ni ilẹ̀ náà, òjò ti pò ó,
bàtà mi sì wúwo títí mo fi délé.

Mo bi í léèrè rí, lórí bẹ́ẹ̀dì ní Adéọ̀yọ́,
pé kí ni ìyè àìnípẹ̀kun.
Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.
"Bó bá jẹ́ àkókò tí kò ní tán ni,
èmi tí mo ti fi àádọ́ta ọdún gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́,
kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Yóò sú mi.
Ẹni tó ni mí ni mo fẹ́ mọ̀.
Kó mú mi níbi tí mo dákẹ́ sí,
kó ka orúkọ mi,
kó gbé mi sétí."

Òní ni ọjọ́ Ajé.
Oòrùn ti yọ lórí Òkè Màpó,
àwọn alábàárù ti ń pariwo "àgò o!"
Ọwọ́ mi ò tíì mọ iṣẹ́ yìí,
ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìgbàgbọ́ mi fi ń falẹ̀.
Mo mú aago Olúgbodi, mo yí etí rẹ̀.
Ó ti san owó.
Mo gbé e sétí,
mo dúró.